Ìbọ̀ka Àbímọ́ Ràbàtà

"Ìbọ̀ka tẹ́ ẹ rí lọ́wọ́ mi yìí, wọ́n bí i mọ́ mi ni!"

Ràbàtà ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárín yàrá ìránṣọ, ó sì na ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fi lu àjà ilé. Ìbọ̀ka onírin kékeré ń dán lórí ìka náà, irú èyí tí àwọn tó ń fọwọ́ ránṣọ máa ń kì bọ ìka kí wọ́n lè fi ti ìdí abẹ́rẹ́, kí abẹ́rẹ́ má baà sọ ìka wọn di asẹ́. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ó dà bí ife tí èèrà fi ń mumi.

"Nígbà tí agbẹ̀bí gbé mi jáde," ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "kì í ṣe ẹkún ló kọ́kọ́ gbọ́. Kóró ló gbọ́! Ìka mi ló kan àwo omi tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó lọgun, ó ní ẹ wá wò ó o, ọmọ yìí gbé irin iṣẹ́ ẹ̀ dání wá! Kí wọ́n tó gé ìwọ́ mi, mo ti gba abẹ́rẹ́, mo ti bá a rán apá aṣọ ẹ̀ tó ya. Láti ọjọ́ náà títí dòní, ọdún mẹ́tàlélógójì, ìbọ̀ka yìí ò bọ́ rí. Mo fi ń wẹ̀, mo fi ń sùn. Mo fi lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò kan tó fẹ̀ débi pé ẹja inú ẹ̀ gan-an máa ń sinmi lágbedeméjì. Kò bọ́!"

Ọ̀gá tó ni yàrá ìránṣọ gbójú sókè, ó wò ó láti orí gíláàsì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ràbàtà ni obìnrin náà, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ọdún mẹ́fà ló sì fi jù ú lọ.

"Ràbàtà, èmi ni mo gbé ẹ pọ̀n. Inú ẹnu ni ìka ẹ wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹ, ò ń mu ún bí ẹni tí wọ́n febi pa. Ibo ni ìbọ̀ka náà wà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ ò lè rí i."

"Ọ̀sán gangan ni wọ́n bí ẹ."

"Ẹ̀yin náà, ọmọ ọdún mẹ́fà. Kí lẹ mọ̀ nípa irin?"

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù tó ń lọ aṣọ ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé áyọ́ọ̀nù sókè kúrò lórí aṣọ, kó má baà jó nǹkan ẹlẹ́nǹkan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó nídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú Ràbàtà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Tínrín ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé wọ́n fi orúkọ náà bú u. Bí ọmọ náà bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yáàdì tí wọ́n fi ń wọn aṣọ, ẹ máa ní láti ké sí i kí ẹ tó mọ èwo ni èwo. Ìka ọwọ́ rẹ̀ wá burú jù. Tó bá nà án sí yín, ẹ máa rò pé ẹnì kan ló fi pẹ́ńsù fa ìlà sínú afẹ́fẹ́.

Kò rẹ́rìn-ín torí pé ó ń ṣọ́ ìka rẹ̀. Ó ń ṣọ́ ọ bí ẹní ń ṣọ́ ọmọ ọwọ́ tó ti rá dé etí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìbọ̀ka dúró. Ó tì í lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Ó ní kí òun tì í lẹ́ẹ̀kẹta—

Kóró!

Ìbọ̀ka ti bọ́ sórí táìlì, ó ń yí gbirigbiri lọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ọ̀gá dìde. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà kan sára ògiri. Ìlà kejì òní nìyẹn, aago mẹ́wàá àárọ̀ ò sì tíì lù.

Òfin yàrá yẹn ò ṣòroó mọ̀. Ẹni tí ìbọ̀ka rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, kó dìde nídìí tábìlì àwọn tó ń fọwọ́ ránṣọ. Ọ̀gá ní ìbọ̀ka tó bá ń bọ́ máa ń dá ọwọ́ dúró, ọwọ́ tó bá ń dúró ní gbogbo ìgbà á sì máa rán ojú ìrán kan gígùn, ìkan kúkúrú, ìkan á tiẹ̀ fò ṣánlẹ̀, aṣọ á wá dà bí ẹnu arúgbó tí eyín ti ń yọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ní òun máa fi dán Tínrín wò, òní ló sì pé. Bí ìlà kẹta bá fi lè hàn lára ògiri, ọmọ náà á padà sídìí òwú gígé.

Bẹ́ẹ̀, òwú gígé ti sú Tínrín dé ọ̀run. Ọdún méjì gbáko ló ti fi ń gé òwú tó bá yọ lára aṣọ táwọn ẹlòmíì rán. Bí wọ́n bá so gbogbo òwú tó ti gé pọ̀, á dé inú oṣù, èyí tó bá ṣẹ́ kù á sì tó láti fi so oṣù náà mọ́ òrùlé kó má lè lọ mọ́. Àga etí fèrèsé ló ń wù ú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sórí iṣẹ́ ẹni. Àga yẹn ti ṣófo láti ìgbà tí ẹni tó ń jókòó níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Tínrín máa ń nù ún láràárọ̀, kò sì fi ìdí kàn án rí.

Iṣẹ́ tó wá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Kọ́tìnì ńlá kan ni, èyí tí wọ́n fẹ́ ta síwájú pèpéle gbọ̀ngàn ìṣeré. Àrán pupa ni, ó nípọn bí awọ erin, ìṣẹ́tí rẹ̀ nìkan sì gùn ní yáàdì méjìlá. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti kán abẹ́rẹ́ mẹ́rin lórí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ karùn-ún wá, kí wọ́n tó fi sójú ẹ̀ ló ti fúnra ẹ̀ tẹ̀. Ọwọ́ ló kù. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ará gbọ̀ngàn sì máa wá gbé e.

Ọ̀gá mú píìnì olórí funfun kan, ó gún un sí àárín ìṣẹ́tí náà gẹ́lẹ́.

"Ràbàtà, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Tínrín, ìwọ bẹ̀rẹ̀ láti òsì. Yáàdì mẹ́fà, yáàdì mẹ́fà. Tínrín, tó o bá dé ibi píìnì yìí tí mi ò gbọ́ kóró ẹ̀ẹ̀kẹta, àga etí fèrèsé di tìẹ. Tí mo bá gbọ́ ọ, o mọ ibi tí àlùmọ́gàjí òwú wà."

"Mo gbọ́, mà."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ràbàtà wí, "ẹ jẹ́ kí n rán méjèèjìlá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa fẹ́ mi ní abẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́sí, mo rán aṣọ orí ọkọ̀ ojú omi kan, ó tóbi débi pé nígbà tí mo dé ìdajì, ìdajì tí mo kọ́kọ́ rán ti gbó."

"Pa ẹnu ẹ dé, kó o máa ránṣọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn.

Tínrín ti mú ìbọ̀ka rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ń wò ó. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni Ràbàtà ti ń kọ́ ọ ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú ìbọ̀ka dúró, kò sì sí ìkankan tó dára nínú wọn. Ó kọ́kọ́ ní kó máa bú u, pé irin máa ń bẹ̀rù èébú. Tínrín bú u títí ọ̀nà ọ̀fun fi gbẹ, ìbọ̀ka ò gbọ́. Ó ní kó fi itọ́ pa á. Itọ́ mú un fún ojú ìrán mẹ́ta péré, ó gbẹ, ó tún yọ̀. Ó ní kó fi ṣingọ́ọ̀mù sínú ẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù mú ìbọ̀ka, ó mú ìka, ó mú abẹ́rẹ́, ó mú òwú, ó mú irun orí Tínrín nígbà tó fẹ́ nu òógùn, ìyá rẹ̀ sì fi òróró àti ọ̀rọ̀ líle yọ ọ́ fún odindi ìrọ̀lẹ́ kan. Ó tún ní kó fi àkísà wé ìka. Ìyẹn nípọn jù, kò mọ ibi tí abẹ́rẹ́ wà mọ́, àfi bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì.

"Bùrọ̀dá," ló bi Ràbàtà, "kí lẹ ń ṣe gan-an tí tiyín ò fi ń bọ́? Ẹ dákun, ẹ sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ẹ̀jẹ̀ ni," ni Ràbàtà fèsì láìgbójú sókè. "Tí kò bá sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ, lọ máa gé òwú."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Tínrín. Ó dìde, ó lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ láti lọ gbé apá ìṣẹ́tí tí wọ́n ń lọ̀ kó lè tẹ́. Ooru ibẹ̀ tó ooru inú ìkòkò. Ó dúró, ó ń dúró de ìyá rẹ̀ kó parí, ìbọ̀ka ṣì wà lórí ìka. Ó gbọn ọwọ́ láìmọ̀. Ìbọ̀ka ò bọ́. Ó tún gbọn ọ́n. Kò bọ́!

"Màmá! Ó mú!"

"Kí ló mú?"

"Ìbọ̀ka! Ẹ wò ó!"

Ó sáré padà sídìí tábìlì níbi tí fáànù ti ń fẹ́ lù wọ́n lórí. Kó tó ka ọgọ́ta, ìbọ̀ka ti tún ń yọ̀ bí ẹja. Ó fi ọwọ́ òsì gbá a mú kó tó jábọ́. Ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ìka máa ń wú nínú ooru, ọmọ mi, á sì súnkì nínú òtútù. Òrùka ọwọ́ mi yìí ńkọ́? Láàárọ̀ ó máa ń bọ́ sínú omi ìfọṣọ. Tó bá di ọ̀sán, n ò lè fi ọṣẹ yọ ọ́. Níbo lo ti wọn ìbọ̀ka yẹn lọ́jọ́ tí Ọ̀gá gbé agolo ìbọ̀ka fún ẹ?"

Tínrín ronú, ó sì fọwọ́ gbá orí. "Ibí yìí ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lọ́sàn-án."

"Ìka ooru lo wọ̀n, o wá ń fi ìka fáànù ṣiṣẹ́."

Kò sì sí èyí tó kéré jù ú nínú agolo náà. Tínrín yọ ìbọ̀ka, ó gbé ẹnu rẹ̀ síwájú ojú. Roboto ni, bí òṣùpá tó kún. Ó wo orí ìka ara rẹ̀. Kò rí roboto. Ó pẹlẹbẹ díẹ̀, bí kóró ẹ̀wà. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ìka náà, ó fi kan ikùn rẹ̀, ibi tó rọ̀. Ìgbà náà ni nǹkan là sí i lọ́pọlọ bí iná.

"Màmá, ìka kì í ṣe páìpù! Àlàfo wà láàárín ikùn ìka mi àti irin yìí, ibẹ̀ ló ti ń rí ọ̀nà sá. Ẹ bá mi tẹ ẹnu ẹ̀. Díẹ̀ péré."

Ìyá rẹ̀ ò bi í léèrè ẹ̀ẹ̀kejì. Ó fi àkísà wé ìbọ̀ka náà, ó gbé e lé pátákó, ó mú igi líle tí wọ́n fi ń lu ojú aṣọ kó tẹ́, ó sì rọra kàn án. Pó. Ó yí i wò. Pó. Ẹnu ìbọ̀ka kúrò ní òṣùpá, ó di ẹyin. Tínrín tì í bọ ìka. Ó kù díẹ̀. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù bọ́ ìbọ̀wọ́ awọ tó fi ń di áyọ́ọ̀nù mú, ó gé etí rẹ̀ kan tí kò ju èékánná lọ. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìbọ̀ka, ibi tí ikùn ìka máa ń wà, wọ́n sì jẹ́ kí ojú awọ tó ní irun kọjú sí ara. Ẹ̀gbẹ́ èékánná, wọn ò fi nǹkan kan síbẹ̀.

"Màmá, ẹ ti ba ìbọ̀wọ́ yín jẹ́."

"Ìbọ̀wọ́ wo? Lọ jókòó."

Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, Tínrín tì í bọ ìka, ó yí i díẹ̀ bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́! Ó jókòó. Ó gbọn ọwọ́ lábẹ́ fáànù. Ó gbọn ọ́n bí ẹni tí oyin ta. Ọwọ́ lè ya kúrò léjìká, ìbọ̀ka yẹn ò lọ síbì kan.

Ìgbà yẹn, Ràbàtà ti rán yáàdì kan àbọ̀ kọjá.

"Tínrín, ṣé o ti lọ ra ilẹ̀ ni? Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé píìnì!"

Tínrín ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó gún abẹ́rẹ́, ó tì í. Abẹ́rẹ́ wọ àrán onípele mẹ́ta náà bí ẹsẹ̀ tí ń wọ omi. Ó tún gún un, ó tún tì í. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já fáfá. Nígbà tó di aago méjìlá, ẹnikẹ́ni ò rí abẹ́rẹ́ mọ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Fáànù tó ń yí lókè wo ọwọ́ rẹ̀, ojú tì í, ó rọra ń yí. Ojú ìrán rẹ̀ tò gbọọrọ, ó dọ́gba, bí ìlà àgbàdo.

Ràbàtà kọ́kọ́ ń kọrin. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ orin. Nígbà tó tún yá, ó dákẹ́ irọ́, ìyẹn sì lẹ́rù ju orin lọ, torí kò sí ẹni tó gbọ́ irú ẹ̀ rí nínú ilé náà. Ó ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀. Ó ń wo òsì pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ojú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á ṣe "ṣìì!" bí ẹni tí nǹkan ta, á sì ní ikọ́ ni.

"Bùrọ̀dá, ẹ rọra o," ni Tínrín wí, "òógùn yín ń kán sórí àrán."

"Kì í ṣe òógùn. Ìrì ni."

"Ìrì ọ̀sán?"

"Ẹnu ẹ ti ń mú, àbí? Dúró dè mí."

Tínrín ò dúró de ẹnì kankan. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìka rẹ̀ kan nǹkan funfun. Píìnì ni. Ó yọ ọ́, ó gbé e lé iwájú Ọ̀gá, ó sì tún tẹrí ba sórí iṣẹ́. Ó ń bọ̀ wá sí ilé Ràbàtà! Ó rán yáàdì kan nínú ti ọkùnrin náà. Ó tún rán ìdajì. Aago mẹ́ta ń lù lọ́wọ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ méjèèjì pàdé, Tínrín ló sì ta kókó ìparí.

Kò sí kóró kankan. Ọ̀gá dìde. Ó di ìṣẹ́tí náà mú ní ibi tí Tínrín rán, ó fà á sọ́tùn-ún, ó fà á sósì, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fà á bí ẹni tó ń fa màlúù. Òwú kan ò mira. Ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Tínrín."

"Mà."

"Kí lo ṣì ń ṣe lórí àga yẹn? Gbéra, lọ jókòó sáyè ẹ."

Tínrín rìn lọ sí etí fèrèsé. Ó jókòó, ó fi gbogbo ìdí jókòó, ó tún sún sẹ́yìn kó lè dá a lójú. Oòrùn bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù gbé áyọ́ọ̀nù lé orí, irin gbígbóná o, ó ń jó yípo tábìlì, ó ń lọgun pé ọmọ òun ni, ọmọ òun ni, òun lòun bí i, kí àwọn tó wà lójú títì gòkè wá wò ó.

"Ìyá Aláyọ́ọ̀nù, ẹ sọ irin yẹn kalẹ̀ kẹ́ ẹ má jó ilé mi!" ni Ọ̀gá ń wí, àmọ́ òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ràbàtà wúkọ́. "Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ rọra ni, kí inú ọmọ náà lè dùn. Tí mo bá ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é, àrán yìí ì bá ti gbiná. Ẹ jẹ́ kí n dìde kí n lọ mumi."

Ó dìde. Kọ́tìnì náà bá a dìde.

Ó jókòó. Kọ́tìnì jókòó. Ó fa ọwọ́, yáàdì méjìlá àrán pupa wọ́ tẹ̀lé e lórí táìlì.

"Kí lo so mọ́ra?" Ọ̀gá bi í.

"Ó fẹ́ràn mi ni. Aṣọ máa ń fẹ́ràn mi."

Ọ̀gá fi ìka wá inú ìṣẹ́tí. Ó rí òwú dúdú kan tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òwú pupa tí wọ́n fi ń rán kọ́tìnì. Ojú ìrán ti gbé e mì fún nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan. Ó tẹ̀ lé e, ó tẹ̀ lé e, òwú náà wọ inú ọwọ́ aṣọ Ràbàtà lọ. Ọ̀gá ká ọwọ́ aṣọ náà sókè. Òwú dúdú so mọ́ ọrùn ọwọ́ kinkin, ìbọ̀ka tí wọ́n bí mọ́ ọn sì so kọ́ lára rẹ̀, ó ń fì síwá sẹ́yìn nínú apá aṣọ bí agogo.

Gbogbo wọn na ọrùn láti wò ó.

"Áà!" ni Tínrín wí láti orí àga rẹ̀. "Ó ń bọ́! Láti ọjọ́ yìí, ó ń bọ́ sínú ọwọ́ aṣọ ni!"

Ó yé gbogbo wọn. Tipẹ́tipẹ́ ni ìbọ̀ka Ràbàtà ti ń bọ́, òwú ni kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀, ilẹ̀ nìkan ló sì máa ń dún. Lónìí tó ń sáré, ó bọ́, kò ráyè fà á padà. Ìka lásán ló ń fi ti abẹ́rẹ́, ó sì ń rán okùn ìbọ̀ka mọ́ kọ́tìnì lọ, ó ń rán ara rẹ̀ mọ́ kọ́tìnì lọ. Ọ̀gá yí ìka náà sókè. Ihò inú rẹ̀ tó ti asẹ́.

"Ọmọ ìyá mi," ni Ọ̀gá fi ohùn tútù bi í, "ṣé agbẹ̀bí náà ló bá ẹ so òwú yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi..." Ràbàtà wo ilẹ̀kùn. Ó wo Tínrín. Ó wo Ìyá Aláyọ́ọ̀nù, ẹni tó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, tí omi ń dà lójú ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan yẹn?"

"Kí ni mo gbọ́?"

"Ìyá wa. Ìyá wa ń pè mí!"

"Ìyá wa tó wà ní ìrìn ọjọ́ méjì sí ibí?"

"Etí mi mú gan-an ni! Mò ń bọ̀, Màmá!"

Ó já àlùmọ́gàjí gbà lórí tábìlì, ó gé òwú, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde bí ẹni tí iná jó nídìí. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mẹ́ta mẹ́ta ló ń fò ó. Nígbà tí Tínrín fi máa yọ orí lójú fèrèsé, Ràbàtà ti dé ìkòríta, bàtà rẹ̀ ẹyọ kan ṣì wà láàárín títì, kò sì bojú wẹ̀yìn.